Èérí Tí A Fi Pamọ́ De Ọjọ́ Ìdánwò

Ẹ̀gàn ni ọbẹ̀ tí Adéagbo fi ń jẹ oúnjẹ òwúrọ̀, òun náà ni ó sì fi ń jẹ ti alẹ́. Bí ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí bá rò pé mo bu ọkùnrin náà kù, fara balẹ̀. O kò tíì pàdé rẹ̀.

Ní ọdún 1995, ó wà ní ọdún ìkẹyìn ní ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín kan ní Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń kọ́ kò kọjá kí a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha èérí kúrò ní ìdí eyín, kí a sì kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti í fọ ẹnu. Iṣẹ́ rere ni, iṣẹ́ ìrẹ̀lẹ̀ sì ni, nítorí pé ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ tẹrí ba níwájú ẹlòmíràn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n Adéagbo a máa wọ kóòtù funfun rẹ̀ lọ ra ata ní Ẹnuwá, kí àwọn ènìyàn lè pè é ní dókítà. Bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín sí i, á wo eyín onítọ̀hún, á yínmú. "Ààtàn," ni yóò wí. Ní ilé ìjọsìn pàápàá, nígbà tí àwọn akọrin bá la ẹnu láti yin Ọlọ́run, eyín wọn ni aláìmoore yìí í máa wò.

Ìdánwò àṣekágbá iṣẹ́ yìí ní àṣà kan tí ó lè pa ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lẹ́rìn-ín. Olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò mú aláìsàn tirẹ̀ wá, tí yóò sì fọ ẹnu rẹ̀ lójú àwọn olùdánwò. Ẹnu tí ó mọ́ kò wúlò. Wọn yóò dá a padà. Ẹnu tí èérí ti di òkúta sí ni wọ́n ń fẹ́. Nítorí náà, bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́lé, àwọn tí wọ́n ti ń sá fún ẹlẹ́nu búburú a wá máa ṣọdẹ rẹ̀ kiri bí ẹran ìgbẹ́, ẹni tí ó bá sì rí i kì í sọ fún ẹnìkejì.

Adéagbo kò ṣọdẹ jìnnà. Ní agboolé tí ó ti háyà yàrá ní Òkèrèwè, onílé rẹ̀, Bàbá Ọdẹ́wálé, arúgbó gbẹ́nàgbẹ́nà tí obì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wá bá a ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

"Dókítà mi," ni Bàbá wí, "bá mi wo ẹnu yìí. Bí mo bá jẹ iṣu sísun, ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tu."

Adéagbo wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí ẹnu tí ó dọ̀tí. Èérí dì mọ́ ìdí eyín Bàbá bí amọ̀ ti í dì mọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Ó yẹ kí ó mú arúgbó náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Gbọ́ ohun tí ó wí:

"Bàbá, orín tí ẹ ń run ló ń ṣe yín. Ẹ má run ún mọ́, ẹ má sì fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ ìdánwò wa. Ọjọ́ náà ni n ó fọ gbogbo rẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́."

"Orín kẹ̀? Orín tí bàbá mi run títí ó fi kú?"

"Ta ló kàwé nínú àwa méjèèjì, Bàbá?"

Arúgbó náà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ó di orín rẹ̀ ní ìdì, ó gbé e sórí àjà. Irú ènìyàn wo ni í parọ́ fún arúgbó kí ẹnu rẹ̀ lè máa jẹrà de ọjọ́ tí ó wù ú? Mo sọ fún ọ pé o kò tíì pàdé rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wà, ọmọ Ìpetumodù, Dorcas ni orúkọ rẹ̀, onígbàgbọ́ tòótọ́ sì ni. Nígbà tí ìdánwò ku díẹ̀, ó wá sí Òkèrèwè kí àwọn méjèèjì lè jùmọ̀ kàwé. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá. Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu dá a lóhùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan sì ti wú.

"Kí ló ṣe yín lẹ́rẹ̀kẹ́, Bàbá? Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn báyìí."

"Rárá, ọmọ mi. Mo ti ṣèlérí fún dókítà mi. Ọjọ́ ìdánwò là ń dúró dè."

Dorcas wọ inú yàrá lọ bá Adéagbo. "Kí lo fi bàbá olóore yìí ṣe?"

"Má pariwo mọ́ mi. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ gbé lọ síbi ìdánwò."

"Wọ́n ń ṣàìsàn! Mú wọn lọ kí wọ́n tọ́jú wọn."

"Kí wọ́n ha á tán, kí n wá gbé ẹnu ta lọ? Tìrẹ, tó ń gbàdúrà tọ̀sán-tòru tí kò ráyè dọ̀tí?"

Dorcas kò rẹ́rìn-ín. "Ẹnu Bàbá kọ́ ni ibi tó dọ̀tí jù nínú ilé yìí. Ọkàn rẹ ni. Irin tí à ń lò kò lè dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè fọ̀ ọ́. Adéagbo, jọ̀ọ́, gbà á lónìí."

"Tí mo bá gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi tán, n ó ráyè ti Jésù. Kò kúkú ń lọ síbì kan."

Wo ahọ́n náà! Ohun tí ó wí fún Bàbá nípa ẹnu rẹ̀ náà ni ó ń wí fún Olùgbàlà nípa ọkàn ara rẹ̀: kí èérí ṣì dúró ná, ó di ọjọ́ tí ó bá wu òun. Òmùgọ̀ náà kò sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ìdánwò, ibà ti mú Bàbá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti tóbi bí ọsàn, ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa. Adéagbo fi ìborùn dì í ní párì, ó fà á lọ́wọ́ wọ ọkọ̀. Kò bi í pé, "Ṣé ẹ jí dáadáa?" Ohun tí ó bi í ni pé, "Bàbá, ẹ kò fọwọ́ kan ẹnu yẹn?"

Ọ̀gá obìnrin tí ó jẹ́ olórí àwọn olùdánwò tú ìborùn náà. Ó tan iná sí ẹnu arúgbó, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ọyún ń ṣàn ní ìdí eyín. Wíwú náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ má fọ ẹnu yín?"

Bàbá nawọ́ pẹ̀lú ìdùnnú, bí ẹni tí ó ń fi ọmọ rẹ̀ hàn. "Dókítà mi nìyí. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní kí n má run orín títí di òní, mi ò sì run ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fún un ní ìwé rẹ̀."

Àwọn tí Adéagbo ti ń yínmú sí gbé ojú sókè níbi àga wọn, wọ́n ń wò ó.

"Bọ́ kóòtù yẹn," ni ọ̀gá náà wí. "Kì í ṣe ènìyàn ló wọ̀ ọ́."

Wọ́n sáré gbé Bàbá lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Adéagbo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kò sí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí Dorcas parí ìdánwò tirẹ̀, ó wá jókòó tì í.

"Sọ ọ́," ni Adéagbo wí. "Sọ pé o ti kìlọ̀ fún mi."

"Mi ò ní sọ ọ́."

"Bí Bàbá bá kú ńkọ́?"

"Ìwọ lo pa wọ́n." Dorcas kọjú sí i. "Bí wọn kò bá sì kú, ọkàn rẹ kò torí ìyẹn mọ́. Kóòtù ni wọ́n bọ́ lára rẹ, Adéagbo. Jésù ní aṣọ tó funfun jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í fi í bo èérí mọ́lẹ̀. Fífọ̀ ló ń kọ́kọ́ fọ ènìyàn."

Bàbá kò kú. Wọ́n là á ní abẹ́ párì, ọyún jáde, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, ó lè sọ̀rọ̀. Adéagbo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.

"Bàbá, irọ́ ni mo pa. Orín kò ṣe yín ní nǹkan kan. Èérí ni mò ń sìn sí yín lẹ́nu bí ẹni ń sin àgbò ọdún."

Bàbá wò ó pẹ́. "Ṣé wọ́n fún ọ ní ìwé náà?"

"Rárá, Bàbá."

"Wọ́n ṣeun." Arúgbó náà yí ojú sí ògiri. "Lọ bá mi gbé orín mi wá. Orí àjà ló wà."

Adéagbo padà sí Òkèrèwè. Ó gun àpótí, ó na ọwọ́ sórí àjà. Ìdì orín náà wà bí Bàbá ti dì í, eruku ti bò ó, aláǹtakùn ti ta sí i lára. Ohun tí í fọ ẹnu wà nítòsí arúgbó náà ní gbogbo ìgbà tí ẹnu rẹ̀ fi ń jẹrà, nítorí pé ẹnìkan sọ fún un pé ó di ọjọ́ ìdánwò. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sí i létí: "N ó ráyè ti Jésù. Kò kúkú ń lọ síbì kan."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìdì orín ní àyà, ó sì ké pé: "Jésù, èmi ni ààtàn. Wẹ̀ mí mọ́. Má jẹ́ kí ó di ọ̀la." Ẹni tí ó ti ń wo ẹnu gbogbo ayé wá la ẹnu tirẹ̀ fún Ọlọ́run. Olúwa kò yínmú sí i.

Láti ọjọ́ náà, òun ni ó ń po omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún Bàbá, tí ó ń gbé abọ́ sí i lábẹ́ àgbọ̀n kí ó lè tutọ́ sí i. Ó pẹ́ kí Bàbá tó tún pè é ní dókítà. Adéagbo ni ó ń pè é, ìyẹn sì tọ́.

Mo mọ ohun tí ìwọ ń fẹ́ bi mí: "Ṣé ó padà gba ìwé àṣẹ náà?" Ìbéèrè rẹ fi ọ́ hàn. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni mo ń sọ fún ọ, ìwé ni o ń wá kiri.

Má wulẹ̀ fi Adéagbo ṣe ẹlẹ́yà. A ti wẹ òun. Ìwọ tí o fọ aṣọ mọ́, tí o fi òórùn dídùn para, tí panṣágà àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sì ń rùn lábẹ́ rẹ̀, kí ni ìwọ ń dúró dè? O ní bí o bá kọ́lé tán, bí o bá gbé ìyàwó fún ọmọ tán, nígbà náà ni ìwọ yóò ráyè ti Ọlọ́run. O rò pé ẹ̀ṣẹ̀ í dúró lójú kan de olówó rẹ̀. Kì í dúró; a máa sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun.

Ní ìdánwò ti Ifẹ̀, bí aláìsàn bá ti jókòó, àyè ṣì wà láti ha èérí rẹ̀. Ní ìdánwò ti Ọlọ́run, wíwò nìkan ni wọn yóò wò ọ́, kò sì sí ọdún tí ń bọ̀ fún ẹni tí ó bá kùnà. Lónìí, Jésù wà nítòsí rẹ. Má sọ pé kò ń lọ síbì kan. Ìwọ ni ò ń lọ.

Kúnlẹ̀ níbi tí o ti ń ka ìwé yìí. La ẹnu rẹ. Jésù ti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì ní yínmú.