Ohun Tó Fún Rùkáyà

Ètè rẹ̀ ni Àkànó kọ́kọ́ rí. Ó ń mì díẹ̀díẹ̀ láìsí ohùn, bí ètè ẹni tó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n lẹ́tà méje ló tò síwájú rẹ̀ lórí igi pẹlẹbẹ, ọ̀rọ̀ òyìnbó tó fara pamọ́ sínú wọn ló sì ń wá. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Iléṣà ni, níbi tí àwọn tíṣà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti gba àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Òṣogbo lálejò fún ìdíje sìkírábù.

Èyítáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Nígbà tí wọ́n pe òun àti Àkànó síwájú ara wọn, kò sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Àkànó ti ń ṣíwájú rẹ̀ dáadáa kó tó gbọ́ tí obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé oṣù tó kọjá ni wọ́n sin bàbá ọmọbìnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó to TEA.

Èyítáyọ̀ borí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó dé ojú rẹ̀, bí àlejò tó ti gbàgbé ọ̀nà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó sọ. "Ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí débi pé mo máa wá gbẹ̀san nílé yín."

Ó wá lóòótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, á wọ ọkọ̀ ní Old Garage ní Òṣogbo, á sọ̀ kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà pẹ̀lú búrẹ́dì lábẹ́ abíyá, àwọn méjèèjì á sì tẹ́ pátákó sìkírábù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò gbẹ̀san rí. "Tíṣà mi, o tún ti nà mí," ni á máa wí. Kí Èyítáyọ̀ tó bọ́ aṣọ dúdú, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, wọ́n sì ti fi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí ọdún Àjíǹde.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Èyítáyọ̀ lọ́kàn, Rùkáyà lorúkọ ẹ̀. Ibi iṣẹ́ kan náà ni òun àti Àkànó wà ní Òṣogbo, wọ́n sì jọ máa ń ta sìkírábù bí iṣẹ́ bá dẹwọ́. Kò sí ìtàn tí Àkànó ń pa tí kì í kan Rùkáyà. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, Rùkáyà ni.

"Ṣé arẹwà ni?" Èyítáyọ̀ bi í lọ́jọ́ kan.

"Ta ni?"

"Ẹni tí ò ń rẹ́rìn-ín sí nínú fóònù."

"Rùkáyà? Mi ò wo ojú ẹ̀ rí o."

"Kí lo wá ń wò?"

"Lẹ́tà ọwọ́ ẹ̀."

Àkànó nìkan ló rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí Èyítáyọ̀ bá ń lọ ata, orúkọ Rùkáyà ló ń lọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, obìnrin kan tí kò rí rí á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á máa wò ó.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, ó dìde, ó forí lé Òṣogbo láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó bá wọn lábẹ́ igi fúrúùtù nínú ọgbà ibi iṣẹ́ wọn. Ó rí wọn kí wọ́n tó rí i. Àkànó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó fi eyín di ètè, ojú rẹ̀ ń tàn yanran bí ojú ọdẹ. Ó to lẹ́tà méjèèje kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó pàtẹ́wọ́. Èyítáyọ̀ kò rí ojú yẹn rí.

"Wallahi, o ò láàánú," ni obìnrin gíga tó wọ híjáàbù níwájú rẹ̀ wí. "Ìyàwó tó máa fẹ́ ẹ á jìyà." Ó gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀ o. Àbí ẹ̀yin ni tíṣà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí ń na Àkànó? Ó ń fi yín yangàn fún gbogbo wa. Ẹ jókòó, ẹ kọ́ mi, ó ti nà mí sú."

"Rùkáyà, ó ti rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà," Àkànó yára sọ.

"Kò rẹ̀ mí," Èyítáyọ̀ dáhùn.

Ó jókòó. Kò sí ohun tó wù ú láyé nígbà náà ju kó borí obìnrin yìí lọ. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré nìkan ló ń rí. Rùkáyà nà án. Kò pẹ́, kò sì le. Lẹ́yìn náà Rùkáyà wo Àkànó, ó wo Èyítáyọ̀, ó yé e, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dun Èyítáyọ̀ jù. Rùkáyà nà mí, ó rò ó. Àkànó ń na Rùkáyà. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi wa ńkọ́?

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó délé, ó ní kí ìyá òun sọ fún àwọn ará ilé Àkànó kí wọ́n dá mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà dúró ná.

Àkànó ń pè é, kò gbé fóònù. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, tí Àkànó dé, Èyítáyọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Àkànó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ìyá Èyítáyọ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé bá a.

"Ọmọ Òṣogbo, ta ló kọ́ ọ ní òṣómàáló?"

"Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà náà ni, màmá. Wọ́n ní ẹ kì í dìde títí ẹ ó fi gba tiyín."

"Èyítáyọ̀, wá dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn kí orúnkún ẹ̀ tó kán."

Èyítáyọ̀ jáde.

"Kò sí nǹkan kan láàárín èmi àti Rùkáyà," Àkànó wí.

"Mo mọ̀. Ojú tí o fi ń wò ó ni mò ń jowú. Ò ń wò ó bí ẹni tó tó ọ jà. Èmi, ojú tí wọ́n fi ń wo aláìsàn lo fi ń wò mí. Ohun tó yẹ kó jẹ́ tèmi lo gbé fún un."

Àkànó tẹrí ba. "Aṣọ dúdú lo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. O borí, o rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá nà ọ́, mi ò ní rí ẹ̀rín yẹn mọ́."

Èyítáyọ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Láti kékeré ni bàbá mi ti ń nà mí nídìí sìkírábù," ó sọ. "Bí mo bá ń sunkún, wọ́n á ní, 'Tún un tò.' Ọjọ́ tí mo borí wọn, mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n kú, mo rò pé mo ti rí ẹlòmíràn tí kò ní fi irọ́ kẹ́ mi."

Àkànó dìde. Ó wọlé, ó gbé pátákó náà jáde, ó tẹ́ ẹ.

"Jókòó," ó wí.

Ètè Èyítáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ṣùgbọ́n Àkànó kò wò ó. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó fi eyín di ètè. Bí Èyítáyọ̀ bá la ọ̀nà, á dí i. Ó nà án débi pé ìyá tó ń yọjú láti ojú fèrèsé pòṣé.

Èyítáyọ̀ tẹjú mọ́ pátákó náà. Ẹ̀rín náà sì dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà.

"Àwọn èèyàn ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì ń retí."

"Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dún Àjíǹde. Kí wọ́n mú Rùkáyà dání."

"Kí ni Rùkáyà fẹ́ wá ṣe?"

"Èmi àti ẹ̀ ò tíì parí."

Èyítáyọ̀ gbá àwọn lẹ́tà náà sínú àpò, ó mì í, ó sì nà án sí Àkànó.

"Tún un tò," ó wí.