Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Ìyá Ìjọ

"Owó fọ́ọ̀mù ìdánwò Jáàmù rẹ rèé, ó tún lé díẹ̀," ni Adéyẹmí wí fún Mofolúwakẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà l'Ókukù. "Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ìyá ìjọ nìkan la fẹ́. Ṣé ìyẹn náà di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Mofolúwakẹ́ mọ iṣẹ́ tí Adéyẹmí ń ṣe. Ó ń bá olóṣèlú kan ní Ìkìrun ra ìbò. Àwọn ìyá ìjọ sì ti jọ jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ pé àwọn kò ní gba kọ́bọ̀: ẹni tó bá fẹ́ ìbò àwọn, kó wá dáhùn ìbéèrè lórí ọ̀nà oko tó bàjẹ́. Ìyá Àdúrà, ìyá ìyá Mofolúwakẹ́, ló ṣáájú wọn.

Mofolúwakẹ́ ló máa ń bá wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú: orúkọ, nọ́ńbà, àti ohun tí kálukú ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò ti fọ́ọ̀mù pa. "N kò kúkú ta ìbò ẹnikẹ́ni," ló sọ fún ọkàn ara rẹ̀. Ó ṣí ìwé náà, Adéyẹmí sì fi fóònù ya gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Jọkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, sáré wọ ilé Ìyá Àdúrà.

"Ìyá Àdúrà, ẹ gbà mí! Ẹnì kan pè mí. Ó ní òun gbọ́ pé ojú ọkọ mi ń fọ́, pé bí mo bá dìbò fún ọ̀gá òun, wọn á sanwó iṣẹ́ abẹ. Ta ni mo sọ fún yàtọ̀ sí Ọlọ́run?"

"Ṣé Ọlọ́run wá ń ṣòfófó ni?" ni Ìyá Àdúrà bi í.

Kò pẹ́ tí ilé fi kún. Wọ́n ti pe Ọmọ́wùnmí tó ń wá ọmọ, wọ́n ní àwọn á fi dókítà hàn án. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn tìfura-tìfura.

"Ẹ jẹ́ ká yáa gba owó náà," ni ẹnì kan wí. "Àṣírí wa ti tú ná."

Owó náà ṣì wà nínú báàgì Mofolúwakẹ́. Bó bá dákẹ́, yóò gba fọ́ọ̀mù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, ẹ̀jẹ́ àwọn ìyá yìí tú nìyẹn. Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

"Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo fún wọn níwèé. Owó náà rèé."

"Ìwọ kékeré yìí!" ni Ìyá Jọkẹ́ ké. "Ìwọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi bó!"

Ìyá Àdúrà gbé ọwọ́ lé e lórí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, arẹwà ọmọ tí í fi ẹ̀rín kí ìyá rẹ̀ káàárọ̀. Ohun tí o ṣe dùn mí wọ egungun. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́wọ́ ló ń rí àánú. Dìde, ká lọ dá nǹkan onínǹkan padà."

Obìnrin mọ́kànlá ló bá Mofolúwakẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bí Adéyẹmí ti rí wọn ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá Jọkẹ́ gbé owó lé tábìlì rẹ̀.

"Ọmọ mi, pa nọ́ńbà wa rẹ́ lójú wa báyìí. Bí ọ̀gá rẹ bá fẹ́ ìbò, kó wá dáhùn ìbéèrè wa bíi ti àwọn yòókù. Ojú ọkọ mi kì í ṣe ọjà."

Adéyẹmí mú fóònù jáde, ó sì pa gbogbo àwòrán ìwé náà rẹ́ lójú wọn.

Nígbà tí wọ́n fi padà dé Òkukù, wọ́n ti ti fọ́ọ̀mù pa. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Nínú ọkọ̀ ni Mofolúwakẹ́ ti ń sunkún. Ìyá Jọkẹ́ ló fa orí rẹ̀ mọ́ra.

"Sunkún ẹ tán, ọmọ mi. Ọdún kan kì í sọ ọmọ di olódo."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó fẹ́ fowó ra ohùn wa, ìnira wa ló kọ́kọ́ ń wá kiri. Ẹni tó bá sì ń fi ìnira wa ṣòwò, kò ní fẹ́ kó tán láé.