Àǹtí Oníjà àti Káfíńtà

Ọkùnrin náà dúró síwájú ilẹ̀kùn ilé-ìtọ̀ àwọn ọmọdé, ó fi ètè há ìṣó, ìyẹ̀fun igi ti sọ irun orí rẹ̀ di ti arúgbó, ó sì ń fi imú kọrin bí ẹni tí ayé rọ̀ lọ́rùn. Èjìká rẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń dán fún òógùn. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, bóyá Àǹtí, olùkọ́ àwọn ọmọ náà, ì bá dúró wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ọmọdébìnrin kan ló ń fà á lọ́wọ́, ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ kan jó, ó lẹ itan mọ́ itan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yà fún wa."

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, Àǹtí. Mo ti fẹ́ parí."

Àǹtí gbójú sókè. Irin ìdábùú ni ọkùnrin yìí ń kàn mọ́ ilẹ̀kùn láti ìta, ó sì gbé e ga dé ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà nìkan lè tó.

"Ta lẹ fẹ́ fi èyí tì mọ́ ìta?"

"Àwọn ọmọ ni. Wọ́n ní wọ́n máa ń sá wọ ibẹ̀ lọ ṣeré."

"Ọmọ ọdún mẹ́rin! Ṣé kó fò ni, àbí kó lọ gbé àkàbà wá kó tó lè tọ̀?"

Káfíńtà wo irin náà, ó wo ọmọ náà. Ìtọ̀ ti ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, ó ń wọ inú ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ọmọ náà kò pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, bí ẹni pé bí òun kò bá ti rí ayé, ayé náà kò ní rí òun.

"Ẹ kúkú máa kọrin yín lọ," Àǹtí wí.

Àfi bí ọkùnrin náà ṣe tu ìṣó sọ́wọ́, tó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, tó kúnlẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀wù náà nu ilẹ̀. "Ìyá mi kékeré, má bínú," ó sọ fún ọmọ náà. "Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi. Èmi ni mo dí ọ lọ́nà."

Àǹtí ti pinnu láti kórìíra rẹ̀. Ó wá bí i nínú pé ohun tó ṣe yẹn wọ òun lára.

Oníbéèrè ni gbogbo kíláàsì ń pe ọmọ náà. Kí ló dé tí omi kì í tán nínú ojú? Ta ní ń jí òòrùn? Kò sí ohun tí kò lè bi ọ́. Láti ọjọ́ tó tọ̀ sára yìí, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Iṣẹ́ ọwọ́ Màmá ni gbogbo rẹ̀. Màmá ló ni ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi náà, ó sì ní ìlànà tirẹ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni ike omi àwọn ọmọ ń gbé títí wọn yóò fi jẹun ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ ni wọ́n ń tò lọ sí ilé-ìtọ̀. Nígbà tí wọ́n kan irin ìdábùú yẹn tán, Màmá fi àgádágodo kọ́ ọ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lápò rẹ̀. Àwọn òbí ń yìn ín pé ilẹ̀ ilé-ìwé rẹ̀ ń gbẹ táútáú, pé aṣọ ọmọ wọn kì í rùn. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ń sùn lórí tábìlì láàárọ̀ gbangba, ètè wọn bó, orí ń fọ́ wọn! Àǹtí ti pariwo ọ̀rọ̀ náà nípàdé olùkọ́ títí. Orúkọ ló rí gbà níbẹ̀: Àǹtí Oníjà.

Ó ń bu omi fún àwọn ọmọ kíláàsì tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Oníbéèrè kò gbà á mọ́. Bí wọ́n bá gbé ife sún mọ́ ọn, á mi orí. Ẹ̀rù ohun tó máa tẹ̀lé omi ń bà á.

Káfíńtà kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó padà wá.

"Wọ́n ní àga kan ń mì ní kíláàsì yín, Àǹtí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó gbé àga kékeré kan, ó mì ín. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń mì?"

"Ẹ̀yin lẹ ń mì ín!"

"Ẹ ṣáà gbà pé ó ń mì."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí náà fi ìwé bo ẹnu. Bó ṣe di pé wọ́n jọ ń rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́ nìyẹn, tí "ẹ" di "o" láàárín wọn láìsí ẹni tó kíyè sí i.

"Oníjà mi, bínú kí n rí i. Ojú rẹ máa ń dán bí o bá ń bínú."

"Nígbà náà, mú ọkàn le, olólùfẹ́. O ò ní wà nínú òkùnkùn láé."

Adùn náà korò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Màmá yọ lẹ́nu géètì, ó pe Káfíńtà: "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Káfíńtà sì dáhùn jẹ́jẹ́ pé, "Mo ti jẹun, Màmá mi." Àǹtí yíjú sí i.

"Ìyá tó bí ọ ni?"

"Ká ní mo sọ fún ọ, ò bá ti lé mi."

"N kò ní lé ọ. Mo kàn máa bi ọ́ pé kí lo bá a sọ nípa ilẹ̀kùn yẹn ni."

Káfíńtà wolẹ̀. "Òun nìkan ló tọ́ mi. Mi ò já a níyàn rí."

"Ó dáa. Àwọn ọmọ á máa mú ìtọ̀ mọ́ra, kí ìwọ má baà já Màmá rẹ níyàn!"

Àǹtí kò bá a rìn lọ sílé mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ibà dá Oníbéèrè wó. Dókítà ní àìtó omi ni, pẹ̀lú ìtọ̀ tí ọmọ náà ń mú mọ́ra. Àìsàn ti wọ ojú ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró sí ọsíbítù. Ìyá ọmọ náà wá sọ ọ́ fún Màmá ní ọ́fíìsì, lójú Àǹtí. Ohun tó wá ṣe gan-an ló dun Àǹtí jù: ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀!

"Ẹ má bínú, mà. Ọmọ tèmi ló lórí kunkun. A ní kó mumi, kò mu."

Màmá mi orí. "Ọmọdé ni, ṣé ẹ rí i."

Àǹtí kò lè gbé e mì. "Ọmọ yín kò lórí kunkun, Ìyá Oníbéèrè! Àwa la kọ́ ọ kó má mumi. Àwa la gbé omi rẹ̀ sókè, la fi àgádágodo kọ́ ilé-ìtọ̀. Ó ti tọ̀ sára níwájú ilẹ̀kùn yẹn, ìtìjú ló ń pa á. Ẹ̀yin sì ń bẹ̀bẹ̀!"

Màmá dìde díẹ̀díẹ̀.

"O fẹ́ ba ilé-ìwé mi jẹ́, o sì fẹ́ gba ọmọ mi. Ọ̀kankan kò ní bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Kó ẹrù rẹ."

Ẹnu géètì ni Káfíńtà ti pàdé Àǹtí tó gbé báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Àsìkò tí àwọn òbí ń wá mú ọmọ ni.

"Jẹ́ kí n bá Màmá sọ ọ́ lálẹ́ yìí, nígbà tí inú rẹ̀ bá rọ̀."

"Ní kọ̀rọ̀? Gbangba lo ti kan irin yẹn o! N kò fẹ́ ọkùnrin tó ń kẹ́dùn lábẹ́ ẹnu."

Ó kọjá lára rẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ìró hámà. Gbà! Gbà! Ó yíjú padà, ó sáré wọlé.

Káfíńtà ló ń fọ́ àgádágodo náà. Àwọn òbí ti pé lé e lórí. Ó fi ẹ̀mú yọ ìṣó, ó já irin náà bọ́ sílẹ̀.

"Èmi ni mo kàn án," ó sọ fún wọn. "Wọ́n ní kí n kàn án, mi ò béèrè ìdí. Àwọn ọmọ yín kì í rí ilé-ìtọ̀ lọ nígbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n. Wọn kì í mumi títí di ọ̀sán. Ẹ wo ike omi wọn lórí kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ìwọ! Ọmọ tí mo bí!" Màmá kígbe.

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, Màmá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín tú u."

Ariwo ta. Màmá jókòó sórí àga ọmọdé kan, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ọmọ kan ti yọ̀ ṣubú nínú ilé-ìtọ̀ yẹn rí, orí rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ kún ilẹ̀. Láti ìgbà náà, òun kò fẹ́ kí ọmọ kankan dá wọ ibẹ̀ mọ́.

Àánú rẹ̀ ṣe Àǹtí. Ìbínú rẹ̀ kò sì kúrò. "Ẹ̀rù ba yín, mà, ẹ wá gbé ẹ̀rù náà ru àwọn ọmọ. Ilẹ̀ yíyọ̀ la bá tún ṣe!"

Màmá kò jiyàn. "Padà sí kíláàsì rẹ," ó ní.

"Bí ẹ bá bẹ Oníbéèrè. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ o. Òun fúnra rẹ̀."

Ẹlòmíràn pòṣé: àgbàlagbà, kó bẹ ọmọ ọdún mẹ́rin! Ṣùgbọ́n Màmá dìde, ó wá ìborí rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ lọ sí ọsíbítù. Màmá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ náà.

"Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan tó burú. Mo ti ṣí i. Dárí jì mí."

Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ó na ọwọ́ sí ife omi tó ti ń kọ̀ láti òwúrọ̀, ó sì mu ún gbẹ.

Nígbà tí wọ́n jáde, Màmá yíjú sí Àǹtí. "Ẹnu rẹ mú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ilé wa ti dákẹ́ jù." Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó ń lọ.

Káfíńtà dúró síbẹ̀, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. "Fẹ́ mi," ó wí.

"Inú ṣì ń bí mi."

"Mo mọ̀."

"Sí ìwọ pẹ̀lú!"

"Mo mọ̀. Gbé ìbínú náà dání máa bọ̀, Oníjà mi. Àyè rẹ̀ wà nílé."

"Bí mo bá wá rí ohun tí kò dáa nínú ilé náà ńkọ́?"

"Wàá pariwo."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà á pariwo. Lójú gbogbo ayé."

Àǹtí wò ó láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wá àlèébù lára ọjà tó ti pinnu láti rà. Lẹ́yìn náà, ó gbé báàgì rẹ̀ fún un, ó sì fi ọwọ́ kọ́ apá Káfíńtà.