Nọ́ọ̀sì Onírùngbọ̀n Tó Purọ́ Mọ́ Agbálẹ̀

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn irùngbọ̀n rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Onírùngbọ̀n ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é, inú rẹ̀ a sì máa dùn. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, ṣùgbọ́n ìgbéraga ti fi ọkàn rẹ̀ ṣe ilé.

Nígbà tí àrùn tó ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn dé, wọ́n ń yẹ ìbòmú àwọn òṣìṣẹ́ wò lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fá irùngbọ̀n yín. Ìbòmú yìí ò lẹ̀ mọ́ yín lẹ́rẹ̀kẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bẹ́ ẹ bá kó àrùn yìí, ẹ ó kó o ran ẹlòmíràn."

"Kí n wá dà bí adìyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́? Ká má rí i!"

Bí obìnrin náà ti yíjú, Onírùngbọ̀n fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ìbòmú òun bá òun mu.

Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Ó pa á mọ́ra, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọ̀gá wọn pe àwọn òṣìṣẹ́ tó kù jọ: "Ta ló kó àrùn yìí wọlé?"

Onírùngbọ̀n yára fèsì: "Ẹ bi Ìyá Agbálẹ̀. Mo máa ń rí i tó ń bọ́ ìbòmú sílẹ̀."

Irọ́ gbuu! Wọ́n ní kí ìyá náà máa lọ sílé. Ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Onírùngbọ̀n fúnra rẹ̀ ò lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ìbòjú ọ́síjìn tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nímú ò dì mọ́ ọn nítorí irùngbọ̀n, ni wọ́n bá gbé abẹ, wọ́n fá irùngbọ̀n náà kodoro. Ohun tó kọ̀ láti ṣe kí ẹlòmíràn lè yè, òun ni wọ́n ṣe kí òun fúnra rẹ̀ lè yè. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ; ọjọ́ yẹn ló yé e. Ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tó tún lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Agbálẹ̀ ni.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ara rẹ ò yá. Mo ń gbàdúrà fún ọ."

"Ìyá, èmi ni mo purọ́ mọ́ yín."

"Mo mọ̀. Mo rí ọ lọ́jọ́ tó o fa ìbòmú wálẹ̀ tó ò ń ya irùngbọ̀n níwájú dígí. Inú bí mi, n ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n Jésù tí ò dẹ́ṣẹ̀ kankan ló ru ẹ̀bi tèmi. Tìrẹ ò pọ̀ jù fún un. Ké pè é."

Ó sunkún bí ọmọdé. "Olúwa, agbéraga ni mí, òpùrọ́ ni mí. Ṣàánú mi." Ẹrù ọkàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì pe Ìyá Agbálẹ̀ padà. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta náà ṣì ń mí hẹlẹ títí dòní. Bí Onírùngbọ̀n bá ti rí i, ojú a tún tì í, a sì tún bẹ̀ ẹ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta lo di ẹ̀bi tìrẹ rù? Ìyàwó rẹ ni? Ọmọọṣẹ́ rẹ ni? Ẹnì kan ṣoṣo ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti rù ú, Jésù ni. Òní lò ń mí, o ò mọ̀ bóyá wàá mí lọ́la. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un. Lẹ́yìn náà, dìde, kó o lọ bẹ ẹni tó o purọ́ mọ́.