Igi Etí Títì Ni Wọ́n Kà

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó ẹ̀ṣọ́ igbó ń fọ agolo lẹ́yìn ilé. Oje igi páìnì tó ń gbà tà lobìnrin náà fi ń jẹun: á fi ọ̀bẹ la èèpo igi, á so agolo mọ́ ọn, oje á máa kán sí i. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Bàtà igbó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé iṣẹ́ amúnáwá tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn igbó máa bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú lóṣù tó ń bọ̀. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó igbó ti ní kí ọkọ yan ogún igi láàárín gbùngbùn igbó, kó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí wọn lára, kó yẹ ewé wọn wò. Òun fúnra rẹ̀ ló là á yé ìyàwó.

“Igi tára ẹ̀ dá máa ń gbé ewé ọdún mẹ́ta sórí ẹ̀ka kan. Tó bá ku ti ọdún kan péré, àìsàn ti dé nìyẹn. A gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe wà kí èéfín tó dé, ká lè mọ ohun tí èéfín ṣe.”

Ẹnu ò kúkú níṣòro. Ẹsẹ̀ ni kò fẹ́ gbéra.

Kó tó di ọ̀sán, ọkọ ti parí iṣẹ́, ó ti dé. Ìyàwó béèrè bó ṣe yá tó bẹ́ẹ̀. Àṣé igi etí títì lọkọ ẹ̀ lọ kà, èyí tí eruku àti èéfín ọkọ̀ akẹ́rù ti bà jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

“Bàbá Ìbejì, igi aláìsàn lẹ lọ fi ṣe ẹlẹ́rìí fún wa?”

Ó ní igi ni igi, pé kò sẹ́ni tó ń ka fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ náà sú obìnrin yìí pátápátá. Ta ló fẹ́ máa ti ọkùnrin tó ti pinnu láti jókòó?

Lọ́dún kejì, ewé inú igbó pọ́n bí irin tó dípẹtà. Agolo tó ń kún lọ́sẹ̀ kan ò kún lóṣù kan mọ́. Àwọn tó ń gba oje kóra jọ, wọ́n pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ kan. Lọ́yà ilé iṣẹ́ ò tiẹ̀ pariwo. Ìwé kan ló yọ.

“Kí a tó dáná rárá, mẹ́rìnlá nínú ogún igi ló ti ń ṣàìsàn. Ẹ̀ṣọ́ igbó yín ló fọwọ́ sí i.”

Alága ìgbìmọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gba oje bóyá wọ́n ní àkọsílẹ̀ mìíràn. Wọn ò ní. Ẹjọ́ parí síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ọkọ ní òun ṣèèṣì ni.

“Ẹ ò ṣèèṣì,” ni ìyàwó wí. “Ó ti rẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó dìde ni.”

Ọ́fíìsì dá ọkọ dúró. Ìyàwó ò rí oje gbà mọ́. Aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná yẹn gan-an ló ń fọ̀ báyìí.

Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ kọ́ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sítòsí yín, àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ń ka igi. Ẹ bi í pé igi wo ló kà, ẹ tẹ̀ lé e wọgbó, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé rẹ̀ sọ́wọ́. Tí èéfín bá ti jáde, kò sẹ́ni tó lè padà lọ ka àná.