Ẹni Tí Kì Í Mu Omi Tútù

Ní ọdún 1998, àwọn ará Ìlọrà lé ọkùnrin kan jáde nílùú pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Nasrullah ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àwẹ́ ni. Yunifásítì ló rán an wá láti gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára àwọn ọmọ iléèwé, kó lè mọ iye àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Iṣẹ́ náà kò dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àbíkú ni àwọn ọmọ tó ń kú bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá sọ pé àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé àwọn, ó fẹ́ ba ìdílé àwọn lórúkọ jẹ́ ni.

Síbẹ̀ wọ́n fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọn tó ń wá ìgbín rí ìgò ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ogójì nínú igbó lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́. Òfìfo ni gbogbo wọn, wọ́n ti da ohun tó wà nínú wọn sílẹ̀. Ọkùnrin kan wá sọ pé ojú òun báyìí lòun fi rí Nasrullah tó ń da ẹ̀jẹ̀ náà sídìí igi, tó ń pe orúkọ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà gba ẹnu tó lé ní ọgọ́rùn-ún kó tó kan Nasrullah létí, àwọn tó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mú òkúta àti epo bẹntiróòlù lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sun alùpùpù rẹ̀ àti gbogbo ìwé tó kọ.

Àlàní lorúkọ ọkùnrin tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ló pa, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Nasrullah kò mọ ẹni tó pa á mọ́ òun. Ohun tó mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, bí òun bá wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, ojú dídì lòun fi ń la Ìlọrà kọjá. Ó di apá Fìdítì kó tó là á.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá. Àwọn tó ju òkúta ti gbàgbé pé àwọn jù ú. Mo wà lára wọn, èmi ò gbàgbé.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Àlàní bí ni Anwar. Fíríìjì ló ń tún ṣe, ó sì ń ṣe yìnyín tà fún àwọn ẹlẹ́ja. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ náà rí, kò sì sọ ìdí. Àlàní fúnra rẹ̀ kì í mu omi tútù. Nínú ooru oṣù kẹta pàápàá, omi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú kẹ́ẹ̀gì ló ń bù mu. Àwọn aládùúgbò ní eyín rẹ̀ ni kò gbà á.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, wọ́n ránṣẹ́ pe Anwar pé kó wá wo fíríìjì ilé ìwòsàn ìjọba. Bó ti yà wọlé báyìí, ó rí ọmọbìnrin kan lábẹ́ igi máńgòrò, híjáàbù rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Tábìlì wà níwájú rẹ̀, àga mẹ́wàá sì tò níwájú tábìlì, kò sẹ́nì kan lórí wọn. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orí kúlà kan bí ẹni tó ń ṣíji bo ọmọ lọ́wọ́ oòrùn. Omi ń kán láti abẹ́ kúlà náà.

Anwar gbàgbé fíríìjì.

"Yìnyín yín ti ń yọ́," ló rí sọ.

"Mo mọ̀," ọmọbìnrin náà dáhùn. "Òun nìkan ló bá mi jókòó látàárọ̀, òun náà sì ti fẹ́ máa lọ."

Anwar gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé odindi yìnyín kan padà dé nínú àpò ìrẹsì. Ọmọbìnrin náà ní Tahirah lorúkọ òun, pé ìwádìí lòun ń ṣe fún oyè òun ní yunifásítì, gbogbo ìlú tó wà ní Afijió lòun sì fẹ́ dé. Ó fẹ́ mọ iye èèyàn tó gbé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sínú ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀, kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn, kí wọ́n tó bímọ. Anwar ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó jókòó sórí àga àkọ́kọ́, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kó fa tòun.

Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Tahirah bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á.

"Ẹ̀rù kọ́," ni Anwar wí. "Yìnyín ni mo gbé."

Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí yìnyín kì í dé abẹ́ igi máńgòrò náà. Àwọn èèyàn tó ń wá wo ohun tí Anwar ń wá ṣe níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àga. Wọ́n pé mẹ́ta, wọ́n pé méje. Dorcas tó ń ta èlùbọ́ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá. Nígbà tí èsì Anwar dé, Tahirah ní kò sí àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rárá, AA ni. Anwar bèèrè tirẹ̀. Ó ní AS ni tòun.

"A dúpẹ́," ni Anwar wí.

"Kí lẹ ń dúpẹ́ fún?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ pé bí AS bá fẹ́ AA, kò séwu fún ọmọ."

"Ta ló wá sọ fún yín pé mò ń wá ọkọ?"

"Èmi ò dárúkọ ẹnì kankan. AA pọ̀ nílùú."

Tahirah fi ìwé èsì bojú, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì, Anwar sì rí i pé ẹ̀rín ló ń rín.

Kò pẹ́ tí wọ́n jáwọ́ nínú "ẹ̀yin" àti "yín". Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, tí kò sí èrò, wọn a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, Anwar a sì máa ka iye ìgbà tí kúlà náà kán. Níbẹ̀ ni Tahirah ti sọ fún un nípa Ikrimah, ẹ̀gbọ́n òun. Àrùn yìí ló ń ṣe é. Torí rẹ̀ ni bàbá òun fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ọdún kejì tí wọ́n sun ìwé bàbá òun ní Ìlọrà ni Ikrimah kú, ọmọ ọdún méje.

"Iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá mi ni mo wá parí," ló wí. "Bàbá ò fẹ́ kí n wá. Ìlú mìíràn ni wọ́n rò pé mo lọ."

Anwar dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó nawọ́ sínú àpò yìnyín, ó fọ́ díẹ̀, ó sì fi í sí i lọ́wọ́, nítorí ooru mú lọ́jọ́ náà. Tahirah dì í mú títí ó fi yọ́ tán. Ọjọ́ yẹn ni Anwar mọ̀ pé òun ti rí ìyàwó.

Oṣù kejì tí Tahirah wọ ìlú ni ìjà dé. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ káàkiri orí wásáàpù, pé ọmọ ẹni tó da ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Ìlọrà sídìí igi ti padà dé, pé òkè òkun ni wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ lọ lọ́tẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kejì, àga mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tún ṣófo. Ẹnì kan ṣoṣo tó wá ni Dorcas, ó sì wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ padà ni. Ó mú ìgò Bọnfíìtà dání láti bù ú sí. Tahirah ṣàlàyé títí pé ẹ̀jẹ̀ tí a ti yẹ̀ wò kò ṣeé dá padà sára. Dorcas sunkún, ó di ìgò rẹ̀ mú, ó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wá, wọ́n dojú tábìlì dé, wọ́n tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ní kí gbogbo èèyàn pàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n pinnu bóyá kí Tahirah máa lọ. Bí ó bá lọ, ìwádìí náà ti parí nìyẹn, yunifásítì kò ní rán ẹlòmíràn wá mọ́ láéláé.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Anwar sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ Tahirah, ọmọ Nasrullah ti Àwẹ́. Iṣu ni Àlàní ń bẹ. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Kò ní ṣeé ṣe."

Anwar bèèrè ìdí. Bàbá rẹ̀ kàn bi í pé, "Ṣé yìnyín máa ń wà nínú kúlà ọmọ náà?" Anwar ní ó máa ń wà, ojoojúmọ́ lòun ń gbé e lọ. Àlàní yíjú sí ògiri, kò sì bẹ iṣu náà mọ́.

Anwar wọ mọ́tò lọ sí Àwẹ́. Inú pálọ̀ Nasrullah ló ti rí bàtà ẹsẹ̀ kan tí wọ́n gbé kọ́ ògiri bí àwòrán. Nasrullah gbà á dáadáa, ó ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ, ó sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìjá a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló sọ tirẹ̀. Ní ọdún 1998, òun máa ń gbé kúlà ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní gárèèjì Ìlọrà lálaalẹ́ Wẹ́sìdeè, kí mọ́tò tó bá kọ́kọ́ kún láàárọ̀ gbé e dé Ọ̀yọ́. Báyẹn ni gbogbo èèyàn ṣe ń fi ẹrù ránṣẹ́. Òun kò mọ dírẹ́bà tó gbé tọ̀sẹ̀ kẹrin.

"Ìwọ ò ṣẹ̀ mí," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà ní Ìlọrà tó mọ bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe dé inú igbó. Ọjọ́ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú ìlú, èmi fúnra mi ni màá fa Tahirah lé ọ lọ́wọ́. Bí kò bá sọ ọ́, má padà wá."

Anwar ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Àlàní kò fi jáde nílé.

Ní Alámísì, Tahirah ń di ẹrù rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá lé òun lọ́la, kí Anwar má tẹ̀ lé òun, kí wọ́n má lọ sun ọ̀kadà rẹ̀.

"Ọ̀kadà mi?" ni Anwar wí. "Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní ó ti jóná tẹ́lẹ̀."

Tahirah rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún. Anwar ní ibi tó bá lọ lòun ń lọ, pé kò síbi tí wọn kì í ti í mu omi tútù. Tahirah ní, "Olówó orí mi." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìgbéyàwó kí n tó parí, nítorí mo mọ̀ pé òun lẹ ń dúró dè. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n so yìgì ní Àwẹ́. Ìwádìí Tahirah kò dúró. Irinwó èèyàn ó lé méjìlá ló jókòó sórí àga abẹ́ máńgòrò náà kó tó pa tábìlì rẹ̀ mọ́, Dorcas ló sì ń tò wọ́n sórí ìlà. Lọ́jọ́ yìgì, wọ́n gbé omi ìgò tó tutù bíi yìnyín fún Àlàní. Ó wò ó, ó ṣí i, ó sì mu ún tán láìgbé e kúrò lẹ́nu. Nasrullah tó jókòó tì í ló gba ìgò òfìfo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀.

Ìgbéyàwó náà dùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ sí. Jímọ̀ yẹn ni.

Iwájú ilé ìwòsàn kún. Nasrullah ti gbọ́ nípa ìpàdé náà, ó sì wá láti mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ní Ìlọrà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1998. Ó dúró sẹ́yìn àga Tahirah. Àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé kí ọmọ ẹni tó da ẹ̀jẹ̀ nù máa lọ. Àgbà tó ṣáájú ìpàdé ti dìde, ó ti la ẹnu láti ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ìgbà náà ni Àlàní dìde láàárín èrò, ó bọ́ fìlà, ó sì rìn wá sí iwájú tábìlì. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga òfìfo náà bí ẹni tó wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Kò wo ọmọ rẹ̀. Nasrullah ló ń wò.

Ó ní ní ọdún 1998, òun ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìlọrà sí Ọ̀yọ́. Ní Alámísì kan, bọ́ọ̀sì òun ló kọ́kọ́ kún, wọ́n sì gbé kúlà kan sẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tí èrò bọ́ sílẹ̀ tán ní Ọ̀yọ́, kóun tó fi kúlà náà jíṣẹ́, òun yà síbi ìsọmọlórúkọ ọ̀rẹ́ òun, òun ní òun ò ní pẹ́. Òun jẹun, òun tún jẹ. Oòrùn sì ń pa bọ́ọ̀sì. Nígbà tóun ṣí kúlà, yìnyín ti di omi gbígbóná, ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́, ó ń rùn. Ẹ̀rù ba òun pé wọ́n á gba mọ́tò lọ́wọ́ òun. Bóun ti ń padà bọ̀, òun da gbogbo rẹ̀ sínú igbó. Nígbà tí wọ́n rí ìgò, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tó gbé e, irọ́ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òun.

Ariwo ti dá. Omi ń kán láti abẹ́ kúlà Tahirah, a sì ń gbọ́ ọ.

Nasrullah ti ẹ̀yìn àga bọ́ síwájú. Ó bèèrè ohun tó ti ń bèèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ohùn rẹ̀ kò sì le.

"Ta ló da ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà nù?"

"Èmi ni," ni Àlàní wí. Ó tún un sọ sókè, kí ẹni tó dúró lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. "Èmi Àlàní ni mo dà á nù. Nasrullah ò da nǹkan kan nù."