Ohùn Kan Níwájú Aṣọ Ìkélé

Ohùn ni Suwen kọ́kọ́ pàdé, kì í ṣe ojú. Suwen ni Ìyá Ọba, ó jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń ṣàkóso ìlú fún ọmọ rẹ̀, ọba ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń tòògbé lórí ìtẹ́. Àwọn ìjòyè ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ tó ní kí wọ́n gbàdúrà sí odò tó ń ya wọ ìlú, gbogbo wọn gbà, àfi ẹnìkan.

"Rárá o, Ìyá Ọba. Odò kì í gbọ́ àdúrà. Òkúta ni ká fi dí i."

Suwen nara sún mọ́ aṣọ ìkélé.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Kuang Boyan ni, tí mò ń bójú tó odò. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ mi lórí, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná."

Suwen rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wàjà, kò rẹ́rìn-ín rí. Ààfin kún fún èèyàn, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń dá gbé inú rẹ̀.

Látọjọ́ náà ló ti ń wá ìbéèrè tí kò nídìí. Òkúta mélòó? Ta ló gbé e? Ṣé ó wúwo?

"Ìyá Ọba, ẹ bi mí léyìí lánàá."

"Mo mọ̀. Tún un sọ."

Boyan á tún un sọ, ohùn rẹ̀ á sì rọ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i bí ìfẹ́ ṣe ń ṣe: ọ̀rọ̀ òkúta àti ẹrẹ̀ ló bá wọlé.

Àfi bí ìyá Boyan ṣe kú. Lábẹ́ òfin wọn, ìjòyè tí ìyá rẹ̀ bá kú gbọ́dọ̀ fi ipò sílẹ̀, kó lọ gbé ahéré lẹ́bàá sàréè fún oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Èdìdì Ìyá Ọba nìkan ló lè dá a dúró. Kí oṣù yẹn tó pé, ọba á ti dàgbà tó láti dá ṣèjọba, wọn á ká aṣọ ìkélé, Suwen á sì wọ ẹ̀yìn ààfin lọ, níbi tí ohùn ọkùnrin kì í dé.

Zhongli, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá bá a. "Àbúrò mi, lu èdìdì. Iṣẹ́ odò ò tíì parí. Ìdílé wa nílò ọkùnrin yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́."

"Ó máa rẹ ẹnu wọn. Ìwọ ńkọ́? Ta ni wàá máa bá sọ̀rọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Ó kọ àṣẹ pé kí Boyan dúró, ó lu èdìdì sí i, ó tọ́jú rẹ̀ sínú apá aṣọ rẹ̀.

Nígbà tí Boyan wá dágbére nínú aṣọ ọ̀fọ̀ funfun, ọba ti lọ kàwé, gbọ̀ngàn ṣófo.

"Bí mo bá ní kó o dúró ńkọ́?"

"Màá dúró, Ìyá Ọba." "Inú mi á sì dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyá mi ò ní ọmọ míì."

Suwen di apá aṣọ rẹ̀ mú pinpin. Òun náà, ọmọ kan ṣoṣo ló bí.

"Máa lọ," ó ní. "Lọ sin ìyá wa."

Boyan dọ̀bálẹ̀ pẹ́, ó dìde, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn lọ, nítorí ẹnikẹ́ni kì í kẹ̀yìn sí ìtẹ́.

Suwen fọwọ́ ara rẹ̀ gbé aṣọ ìkélé sókè. Ó rí i: ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ewú díẹ̀ lórí, omijé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fẹ́ pè é, àmọ́ ó tún di apá aṣọ tí àṣẹ náà wà nínú rẹ̀ mú.

Ilẹ̀ ni Boyan ń wò, bí òfin ṣe wí, títí ó fi jáde lẹ́nu ọ̀nà.